Bàtà Kọ́ìlì

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí nǹkan tí mo mú wọ sítúdíò.

(Ìró: ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá 5.)

Ẹni tó bá ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, mi ò ní bá a jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbá, kò sì sí ìlẹ̀kẹ̀ lára rẹ̀. Kọ́ìlì ni, awo roboto tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ aṣàwárí irin, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní dítẹ́kítọ̀. Èyí tí mo mú dání yìí ti gbó, èmi ni mo ni ín. Iyanrìn tó ń dún nínú rẹ̀ ni kì í ṣe tèmi.

Ẹni tó ni iyanrìn náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní oṣù tó kọjá. Ó ní ẹ̀rọ òun ti ya wèrè. Bí òun bá fì í sọ́tùn-ún, á ké. Bí òun bá fì í sósì, á ké. Òun á wá gbẹ́lẹ̀ títí ọwọ́ á fi bó, òun ò ní rí nǹkan kan. Ihò 17 ló gbẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ti múra tán láti ra kọ́ìlì tuntun. Mo ní kó jókòó ná. Mo mú ọ̀bẹ tí kò mú, mo fi tú ike pẹlẹbẹ tó bo abẹ́ kọ́ìlì rẹ̀, mo sì da ohun tó wà níbẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Ó kún àtẹ́lẹwọ́ kan: iyanrìn dúdú tó ń dán. Mo gbé òòfà sún mọ́ ọn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fò mọ́ òòfà. Ọkùnrin náà wò mí, ó tún wo iyanrìn, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ohun tí mo ń gbẹ́lẹ̀ wá láti àárọ̀ nìyí?"

Òun náà ni. Ó ń gbé e kiri.

Ike pẹlẹbẹ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní ìbòrí kọ́ìlì. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé abẹ́ ló wà, kò sí lórí. Bàtà ni. Òun ló ń tẹ òkúta, òun ló ń họra mọ́ yangí, òun ló ń gba ẹ̀gún kí ẹsẹ̀ má baà gbà á. Nítorí náà, bàtà ni màá máa pè é títí tí a ó fi túká. Bàtà kì í wọ́n. Kọ́ìlì ló wọ́n. Bí bàtà bá jẹ tán, ẹ ra òmíràn. Bí òkúta bá họ kọ́ìlì fúnra rẹ̀ títí tí omi fi ráyè wọlé, owó ńlá ti jáde nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọn kì í fọkàn sí ni àlàfo tó wà láàárín bàtà àti ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo inú kọ́ìlì díẹ̀ ná, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn fi lè da gbogbo ẹ̀rọ rú. Wáyà bàbà ni wọ́n ká, wọ́n sì pín in sí méjì. Ìká kan ń sọ̀rọ̀: iná ń lọ, ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń tú agbára òòfà sínú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, bàbà tàbí wúrà, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú nǹkan náà, òun náà á sì tú agbára òòfà tirẹ̀ padà. Ìká kejì ń gbọ́. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n to àwọn ìká méjèèjì lọ́nà tí ìkejì kò fi ní gbọ́ ariwo èkínní, bí kò bá sí nǹkan kan nítòsí. Wọ́n dọ́gba bí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n tó dọ́gba dáadáa, ìyẹ́ adìyẹ lè tẹ̀ ẹ́ sí apá kan.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ike líle, wọ́n á da gọ́ọ̀mù tó ń gan bí òkúta sí i kí wáyà má baà mì, wọ́n á sì kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú tó dà bí lẹ́ẹ̀dì inú pẹ́ńsù, èyí tó ń dáàbò bo wáyà lọ́wọ́ koríko tútù àti ìfarakàn ilẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àwa wá fi bàtà tó ń gbọn iyanrìn wọ̀ ọ́.

Nǹkan mìíràn tó yẹ kí á mọ̀ ni pé agbára kọ́ìlì kì í rìn jìnnà kó má rẹ̀ ẹ́. Fún nǹkan kékeré tó wọlẹ̀ ju ìwọ̀n kọ́ìlì lọ, bí jíjìn rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, ohùn tó ń padà bọ̀ kò ní jẹ́ ìdajì, kò tilẹ̀ ní jẹ́ ìdámẹ́rin. Á di nǹkan bí ìdá kan nínú 64. Ẹ wá wò ó: hóró wúrà kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ní sẹ̀ǹtímítà 20. Iyanrìn dúdú wà nínú bàtà, ní mìlímítà 2 sí wáyà. Ta ni ẹ rò pé etí kọ́ìlì máa gbọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún James Garfield, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà ń fi ọwọ́ wá ọta inú ara rẹ̀, wọn ò rí i. Alexander Graham Bell, ẹni tó gbajúmọ̀ nípa tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó fi wáyà tí a ká àti etí tẹlifóònù wá irin kiri. Baba ńlá dítẹ́kítọ̀ ni. Ó dán an wò lára àwọn mìíràn tí ọta wà nínú wọn, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ, ẹ̀rọ náà ń ké, ṣùgbọ́n kò rí ọta. Lẹ́yìn náà ni Bell gbọ́ pé wáyà irin wà nínú ibùsùn tí Ààrẹ dùbúlẹ̀ lé. Dókítà àgbà tó wà níbẹ̀ kò sì jẹ́ kó wá ibòmíràn ju apá ọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Mi ò ní kí ẹ máa sunkún Garfield lálẹ́ òní o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kò ju ti ibùsùn lọ: ẹ̀rọ lè má bàjẹ́, kí ó jẹ́ pé ohun mìíràn tó wà nítòsí ló ń dáhùn.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí á wá sílé. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ tó rọrùn fún ẹ̀rọ yìí. Yangí tó wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, irin tó dípẹtà ló sọ ọ́ di pupa. Èmi a máa fi í ṣe àwàdà ní ṣọ́ọ̀bù pé kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa fi yangí ṣe ojúbọ Èṣù. Ẹni tó bá ti gbé dítẹ́kítọ̀ kọjá lórí yangí rí yóò mọ ẹni tó ń fi òun ṣeré. Bí ẹ bá tún bọ́ sí ibi tí àwọn àgbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ ti yọ́ irin, ìdàrọ́ wọn ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa pè é ní ìṣúra. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ yìí lọ sí etídò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ iyanrìn dúdú tí mò ń sọ. Àwọn tó ń fi àwo fọ wúrà mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Òun àti wúrà ló máa ń kẹ́yìn sínú àwo, nítorí pé ó wúwo: iyanrìn funfun lásán kò ju ìlọ́po 2.65 omi lọ, iyanrìn dúdú yìí lé ní ìlọ́po 5, wúrà sì tó ìlọ́po 19. Omi a gbé èyí tó fúyẹ́ lọ, a fi àwọn tó wúwo sílẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ìyẹn ni pé ibi tó dára jù láti wá wúrà nínú odò náà ni ibi tí bàtà tó ní àlàfo yóò ti kó ìdọ̀tí tó burú jù wọlé.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ òfin lọ́rọ̀ kan, kí n má baà gbàgbé: gẹ́gẹ́ bí òfin ìwakùsà ọdún 2007, Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá wú ère tàbí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sọ́jà. Ẹ fi tó àwọn tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Ó tán. A padà sí bàtà.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé inú bàtà ni irọ́ ti ń wá? Ẹ̀rọ òde òní gbọ́n díẹ̀. Ohun tó bá dúró gbọn-in lójú kan lábẹ́ kọ́ìlì, ó máa ń fojú fò ó. Ohun tó bá ń yí padà bí a ṣe ń fì í ló máa ń ké lé. Nítorí náà iyanrìn tó ti lẹ̀ mọ́ bàtà pẹ́kípẹ́kí kì í dààmú ẹni tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń rìn ni ọ̀tá. Ìgbà wo ló sì máa ń rìn? Nígbà tí ọwọ́ yín bá dé ìparí, tó ń yí padà. Kọ́ìlì dúró, iyanrìn kò dúró, ó ṣì ń lọ, bí èrò inú mọ́tò nígbà tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró ní ìparí ìfì lọ́tùn-ún àti lósì, tí ẹ kì í gbọ́ ọ láàárín, ẹ má gbẹ́lẹ̀. Ẹ gbé kọ́ìlì kúrò nílẹ̀ dé ìgbáròkó, kí ó jìnnà sí páànù àti mọ́tò, kí fóònù má sí lápò, kí ẹ sì fì í nínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá tún ké, ẹ yọ bàtà, ẹ fì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ariwo bá dákẹ́, ẹ ti mú olè. Bí kò bá dákẹ́, ó lè jẹ́ wáyà tó gun ọ̀pá lọ sókè ni kò le, tó ń mì jẹ̀lẹ̀njẹ̀lẹ̀; ẹ ká a mọ́ ọ̀pá dáadáa. Ó sì lè jẹ́ pé kọ́ìlì ti sán ní etí tí bóòtù gbà kọjá. Ìyẹn le ju ọ̀rọ̀ iyanrìn lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dídí. Ẹnu àwọn oníṣẹ́ yìí kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí á dí i pa, kí nǹkan kan má wọlé títí ayé. Àwọn kan ní kí á má dí i rárá, kí á máa ṣí i ní alaalẹ́, kí á fọ̀ ọ́. Èmi ti gbé inú àgọ́ méjèèjì, àgọ́ èkínní ni mo sì ti gba ẹ̀kọ́ jù.

Mo gbé etíkun Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún díẹ̀. Níbẹ̀, wíwá owó onírin àti òrùka ní etí òkun jẹ́ eré ọjọ́ ìsinmi; ẹ máa rí àwọn baba arúgbó tí wọ́n wọ bàtà rọ́bà dé orókún, íápíìsì létí, tí wọ́n ń fì bí ẹni ń gbálẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo fọ kọ́ìlì mi, mo nù ún, mo da bàtà padà, mo wá fi gọ́ọ̀mù sìlíkóònù dí etí rẹ̀ yíká. Ó mọ́ bí ẹnu ìgò. Mo yangàn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé omi ṣì wà nínú kòrò tó wà lábẹ́ kọ́ìlì. Omi òkun ni, iyọ̀ sì ń jẹ́ kí iná gba inú omi kọjá. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ti ọ̀tá mọ́lé, mo sì ti sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí mo wá gé gọ́ọ̀mù náà kúrò, omi náà dà jáde, ó tilẹ̀ ti ń rùn. Mo gé kọ́ìlì lára díẹ̀ níbi tí mo ti ń bínú gé gọ́ọ̀mù. Àpá rẹ̀ ló wà lára èyí tí mo mú dání yìí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé téèpù ni mo máa ń ní kí àwọn ènìyàn lò: téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wé wáyà. Kò wọ́n, gbogbo ilé ìtajà ohun èlò iná ló ní i, ó sì ṣeé ṣí. Ẹ fọ bàtà àti abẹ́ kọ́ìlì pẹ̀lú omi àti ọṣẹ díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ họ inú kòrò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ nù ún. Omi èékánná yẹn máa ń yọ́ irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ́ìlì bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Bí ó bá ti mọ́, ẹ gbé méjèèjì sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó di ọjọ́ kejì. Mo ní ọjọ́ kejì, kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà, ẹ da bàtà padà, ẹ fi aṣọ tó ní sípíríìtì díẹ̀ nu etí méjèèjì kí òróró ọwọ́ lè kúrò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ téèpù láti ẹ̀yìn kọ́ìlì, apá ibi tó kọjú sí yín. Ìdajì téèpù yóò wà lára bàtà, ìdajì lára kọ́ìlì. Ẹ fà á díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, kó lè tẹ̀ mọ́ igun. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó bá kù bí ìka mẹ́ta kí ẹ gé e, ẹ dẹ́kun fífà. Téèpù tí a fà títí dé òpin máa ń sún padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lórí, koríko á mú un, á di àkísà. Ìparí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kì í ṣe níwájú tó ń kọ́kọ́ kan koríko. Oòrùn wa máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù, nítorí náà kò ní pẹ́ títí. Kó má pẹ́ náà dára. Bí ó bá ṣí, ẹ ti rí ìdí láti wo inú bàtà.

Téèpù kan wà tó ń dán bí fàdákà, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù máa ń lò ó. Alumíníọ̀mù gidi ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnìkan ti fi yí kọ́ìlì rẹ̀ po rí, ó ní òun fẹ́ kó lágbára. Ẹ̀rọ náà kò ké mọ́ fún ohunkóhun, torí pé inú irin ni ẹnu àti etí rẹ̀ wà.

Bí ẹ bá tún fẹ́ lo sìlíkóònù pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, bóyá ẹ̀ ń rìn nínú ẹrẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò ní dá yín lẹ́kun. Irú èyí tí àwọn oníwíńdò ń fi dí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ni. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ásíìdì ló ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gan, ásíìdì yẹn sì máa ń jẹ bàbà. Bí kọ́ìlì yín bá ti sán níbìkan, ó lè dé ara wáyà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ neutral sí lára. Ìlà tín-ín-rín ni kí ẹ fà, kó jẹ́ etí nìkan, kí ẹ má ṣe da gọ́ọ̀mù sí àárín bàtà bí ẹni ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fi ìka tí ẹ ti rì bọ omi ọṣẹ tẹ́ ẹ, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Gọ́ọ̀mù yìí kì í gan nítorí pé ó gbẹ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan. Nítorí náà, ó máa ń yá lásìkò òjò, ó sì máa ń pẹ́ lásìkò ọyẹ́. Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n á gbé e sínú ọyẹ́ pé kó yára.

Nǹkan kan wà tí téèpù àti gọ́ọ̀mù kò lè borí, èmi náà sì pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ti ń rìn nínú oòrùn ọ̀sán. Kọ́ìlì dúdú ti gbóná débi pé ọwọ́ kò fẹ́ gbà á. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín bàtà àti kọ́ìlì ti gbóná, ó ti fẹ̀. Ẹ dé odò, ẹ rì í bọ omi tútù. Afẹ́fẹ́ yẹn sún kì lójijì, ó sì ń wá ohun tí yóò fi dí àyè tó ṣí sílẹ̀. Omi ló wà níta. Ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, á fi fa omi wọlé bí ọmọ tó ń fi ìfami mu mínírà. Bí ike kọ́ìlì fúnra rẹ̀ bá ti sán, bákan náà ni yóò ṣe fà á sínú ara wáyà, ìyẹn sì ni ikú ọ̀pọ̀ kọ́ìlì. Kí ẹ tó wọ odò, ẹ gbé e sábẹ́ igi fún ìgbà díẹ̀, ẹ mu omi, ẹ jẹ awẹ́ obì, kí ara rẹ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò tó dúró sínú oòrùn.

Bàtà tuntun kì í wà ní gbogbo ọjà wa, mo mọ̀. Mo ti rí ẹni tó gé ìsàlẹ̀ bàsíà ike, tó fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́, tó sì tẹ etí rẹ̀ mọ́ kọ́ìlì títí tó fi gba ìrísí rẹ̀. Ó dára gan-an. Èmi ò lè ṣe é kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n dán ike náà wò ná: ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ gbé kọ́ìlì sórí àga onígi tí kò ní ìṣó, ẹ wá fì ike yẹn kọjá níwájú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ẹ lò ó. Bí ó bá ké, ohun kan wà nínú ike náà tí ojú kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe fún téèpù, fún gọ́ọ̀mù, fún ọ̀dà, fún ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti bàtà àtijọ́, ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń là kọjá ju ibòmíràn lọ ti fẹ́ lu, iwájú ló sì sábà máa ń jẹ́. Ìyẹn náà á sọ fún yín bóyá ẹ ń fì kọ́ìlì tàbí ẹ ń fi gbálẹ̀.

Ẹnìkan fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè pé, ṣé bàtà kì í dín agbára ẹ̀rọ kù ni, ṣé kí òun kúkú yọ ọ́. Ike lásán kì í dí agbára òòfà lọ́nà. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni nínípọn rẹ̀, mìlímítà 2 tàbí 3, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí yangí àti òkúta, mi ò ní yọ ọ́ láé. Nínú omi òkun tó dé orókún, lórí iyanrìn tó tẹ́jú, mo máa ń yọ ọ́, torí pé kò sí ohun tí yóò họ kọ́ìlì níbẹ̀, ìgbì sì máa ń wá àlàfo ju èèrà lọ. Ẹni tó ń lo kọ́ìlì tó ní ojú bí asẹ́, tó wá fi bàtà tí kò ní ojú wọ̀ ọ́, iyanrìn á gba òkè wọlé, kò ní rí ibi jáde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi gbogbo téèpù ayé wé etí rẹ̀, kò ní ràn án lọ́wọ́. Kó wá bàtà tó ní ojú bíi ti kọ́ìlì, tàbí kó máa dojú rẹ̀ délẹ̀, kó máa gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá sinmi.

Ọkùnrin tó ni iyanrìn inú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi padà wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo bi í pé ihò mélòó. Ó ní 4. Ó to ohun tó rí sórí tábìlì mi: ìṣó 2, ìdérí ìgò kan, àti orí ọkọ́ tó ti dípẹtà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò rí wúrà. Ṣùgbọ́n ihò mẹ́rin, nǹkan mẹ́rin. Ó ní òun ń padà lọ ní ọjọ́ Ajé, ó wá béèrè bóyá mo ní téèpù tí òun lè mú dání.